Ọkùnrin Tó Rìn Lórí Ẹ̀gún

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sílẹ̀ kó jókòó, ẹni tó bá fẹ́ fara ti ògiri kó fara tì í, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sùn o, torí n kì í tún ìtàn sọ fún ẹni tó bá sùn. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní ìjàpá nínú, kò sì ní iwin. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò gùn ju ìka lọ, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kékeré kan. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí kò dùn mọ́ yín, ẹ wá gba àga tí mo jókòó lé.

Bàbá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa fi aṣọ bo àga. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Bàbá Onítìmùtìmù. Tí àga yín bá ti gbó, tí fóòmù inú rẹ̀ ti di pẹlẹbẹ, tí sípíríǹgì rẹ̀ ń gún àlejò nídìí, òun lẹ máa gbé e lọ bá. Á tú u palẹ̀, á fa gbogbo ìṣó àtijọ́ yọ, á gé fóòmù tuntun sí i. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ á rán aṣọ tí yóò bò ó, bàbá á wá fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn án mọ́ igi yíká. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń ka ìwé, lórí àga olówó iyebíye tí kì í ṣe tiwọn.

Ẹnu ni bàbá yìí máa ń kó ìṣó sí bó bá ń ṣiṣẹ́. Á fi ahọ́n ti ọ̀kan síwájú ètè, á fi orí òòlù rẹ̀ tó ń fa irin gbà á, á kàn án wọlé, á tún ti òmíràn jáde. Tí ẹ bá kí i nígbà náà, orí ló máa mì sí yín. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ìgbà tí ìṣó bá wà lẹ́nu ọkọ òun nìkan ni òun máa ń borí rẹ̀ nínú àríyànjiyàn.

Ṣùgbọ́n ìṣó yìí kì í gbé ẹnu àti ara igi nìkan. Ó máa ń já bọ́. Tó bá sì já bọ́, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í tètè rí i. Nítorí náà, ilé yẹn ní òfin kan. Bàbá ló gbé e kalẹ̀, ó ní, "Ìṣó tó bá já bọ́ kì í pariwo. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ bá a pariwo." Ẹni tí ìṣó bá gún, ọmọ ni o, àgbà ni o, oníbàárà ni o, ó gbọ́dọ̀ lọgun lójú ẹsẹ̀, kó sì dárúkọ ibi tó ti gún un. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ariwo, ẹnìkan á sáré gbé omi àti ọṣẹ wá, ẹlòmíràn á kúnlẹ̀ máa wá èyí tó kù, torí ìṣó kan kì í sábà já bọ́ lóun nìkan.

Nígbà kan, bàbá ń ná iṣẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀gá báǹkì kan tó wọ kóòtù. Ó sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ló bá figbe bọnu: "Ó gún mi o! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga pupa!" Ọ̀gá báǹkì fò sórí tábìlì pẹ̀lú kóòtù àti bàtà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti parí iye iṣẹ́ náà, ọ̀gá báǹkì lókè, bàbá nísàlẹ̀.

Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí. Èyí ẹ̀gbọ́n ti ń sún mọ́ ìparí ilé-ìwé girama, wọ́n ń pè é ní Lọ́yà, torí kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí kò ní gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Tíńtín ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí bó ṣe kéré. Ohun tí Lọ́yà bá ṣe ni Tíńtín máa ń ṣe. Tí Lọ́yà bá ní orí ń fọ́ òun, ẹ máa rí Tíńtín tó máa di orí tirẹ̀ náà mú.

Àmọ́ bí Lọ́yà ṣe ń dàgbà, ariwo ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lójú. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń gba iwájú ilé wọn kọjá a máa sín in jẹ: "Ó gún mi o! Lẹ́yìn pátákó!" Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu lásán ni.

Nígbà tó yá, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn góòlù, gbé abọ́ kan wá sí kíláàsì. Bébà ni wọ́n ká sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú bébà kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn onírònú ayé àtijọ́ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí kálukú fa tirẹ̀, kó lọ wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, kó wá rò ó fún kíláàsì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rò jù yóò rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú àwọn òbí nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Bó bá tún yege níbẹ̀, yóò ṣojú ilé-ìwé ní ìlú ńlá, wọn yóò sì gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò.

Rédíò! Láti ìgbà tí Lọ́yà ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ló ti ń fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Kò sí síbí ìdáná ìyá rẹ̀ tí kò tíì fi ṣe ẹ̀rọ gbohùngbohùn rí. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì bó ti ń tú bébà rẹ̀. "Sítóíkì" ló bá níbẹ̀.

Tíṣà ní, "Háà, ọ̀rọ̀ gidi lo fà yẹn. Ẹni tó bá rí ìnira tó sì fara dà á láìráhùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn o. Ibi tó ti wá, ìwọ lo máa sọ fún wa."

Ilé-ìkàwé ìgboro ni ìwé tó máa ràn án lọ́wọ́ wà. Ọ̀la ni wọ́n máa rò ó, ló bá gbéra lẹ́yìn ilé-ìwé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ṣingọ́ọ̀mù, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹ̀gbọ́n Ṣingọ́ọ̀mù ń ṣe irun. Wọ́n ní kí àwọn yà kí i ní ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn kàn wo irun tuntun tó ń di. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ irun ṣe máa ń rí. Ìgbà tí wọ́n máa fi dé ilé-ìkàwé, wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn.

"Mo gbé!" ni Lọ́yà wí. "Màá sọ fún tíṣà pé mi ò rí i."

Ṣingọ́ọ̀mù tu ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ sọ́wọ́, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ti le. "Ìwọ Lọ́yà? Kó o dúró níwájú kíláàsì kó o ní o ò mọ̀? Wọ́n á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ dé ibi tó o bá ń gbé."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Kó o fi ọgbọ́n orí ẹ gbé e jáde ni. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ yẹn ti kú láti ayébáyé. Ṣé wọ́n á jí wá pè ẹ́ lẹ́jọ́ ni? Ìwọ ṣáà ti jẹ́ kó dùn."

Ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe pé Lọ́yà ò mọ̀ pé kò dára. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn lọ sílé ni ìtàn náà ń hù lórí rẹ̀ bí irun, kó tó dé ẹnu ọ̀nà ó ti hù tán. Ó ní ọkùnrin kan wà nílẹ̀ àwọn Gíríìkì nígbà láéláé, Sítóíkọ́sì lorúkọ rẹ̀. Ọba burúkú kan ká ìlú wọn mọ́, ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn la oko ẹ̀gún já láìpariwo. Gbogbo ọkùnrin ìlú gbìyànjú, gbogbo wọn ló ké. Sítóíkọ́sì rìn ín já, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe ẹni tó bá lè fara da ìrora.

Ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ tí wọ́n ń fi ariwo ilé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ọkùnrin tí kì í pariwo ló bí.

Lórí àga ńlá kan tí bàbá ò tíì kàn tán ni Tíńtín jókòó sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ìtàn náà ṣe ìdánrawò níwájú rẹ̀. Ojú ọmọ náà là rekete.

"Kò sunkún rárá, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Rárá."

"Kò tiẹ̀ ní 'yéè'?"

"Kò ní 'yéè'."

"Kò wá sọ fún màmá ẹ̀ tó délé?"

Lọ́yà gbé orí sókè bí ẹni tó wà lórí rédíò. "Sítóíkì kì í sọ fún ẹnikẹ́ni."

Lọ́jọ́ kejì, kíláàsì pa lọ́lọ́ nígbà tó ń rò ó. Nígbà tó dé ibi tí ọkùnrin náà ti fa ẹ̀gún tó gbẹ̀yìn yọ lẹ́sẹ̀, ọmọ kan ní ẹ̀yìn ní, "Áà!" Ọmọkùnrin kan tó máa ń kólòlò ló tẹ̀ lé e, ó ní orúkọ ajá ni ọ̀rọ̀ tí òun fà ti ṣẹ̀ wá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Tíṣà bi Lọ́yà pé, "Ìtàn yìí mà dùn o. Èmi ò gbọ́ ọ rí. Níbo lo ti kà á?"

"Ìwé kan ní ilé-ìkàwé ìgboro ni, Mà."

Tíṣà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbọ̀ngàn.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Sítóíkọ́sì ti di èèyàn ńlá ní ilé-ìwé yẹn. Nígbà ìsinmi, àwọn ọmọ kíláàsì kékeré á máa já ara wọn ní èékánná. Ẹni tó bá pariwo, wọ́n á ní kì í ṣe Sítóíkì. Ọmọ kan já ẹlòmíràn lápá títí ó fi bó, ẹni tí wọ́n já náà sì dúró bí igi, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Lọ́yà rí i. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ní ilé, Tíńtín bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ yìí, òtútù wo ló ń mú ẹ nínú oòrùn?" Tíńtín kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò fo okùn mọ́. Tó bá ń rìn, gìgísẹ̀ ló ń fi tẹlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ó sùn lórí fóòmù ní ọ̀sán gangan, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ìyá rẹ̀ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kúrò, ó sì lọgun tó bẹ́ẹ̀ tí òòlù fi bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti wú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, ojú ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọyún ti gbà.

Bàbá kò dúró wọ bàtà. Ó gbé ọmọ kọ́ èjìká, ó sáré, ìyá ń sáré tẹ̀ lé e, Lọ́yà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì bi í pé, "Bàbá, kí ló ṣe é?" bàbá ò lè fèsì. Ó kọ́kọ́ tu ìṣó sọ́wọ́, ó tu títí ọwọ́ rẹ̀ fi kún, kó tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi Tíńtín, "Ìyàwó mi, kí ló gún ẹ? Láti ìgbà wo?"

Tíńtín pa ẹnu dé, ó ń fi ojú wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní, "Sọ fún wọn, ọmọ mi àtàtà. Ìṣó ni, àbí?"

"Mo ti fà á yọ fúnra mi," ni Tíńtín wí. "Mo dá a padà sínú agolo. N kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Sítóíkì ni mí."

Bàbá yíjú sí ìyá. "Ta ni Sítóíkì? Ọmọ ilé ta nìyẹn?"

Wọ́n gbé ọmọ wọlé, wọ́n la ojú egbò náà, wọ́n fọ ọ́, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ẹni tí irin bá gún. Dókítà jáde wá, ó ní bó bá pẹ́ jù báyìí lọ, ìdọ̀tí náà ì bá ti wọ eegun, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti di pé ṣé kí àwọn gé ẹsẹ̀ tàbí kí àwọn má gé e. Ó ní kí ọmọ náà sùn lọ́dọ̀ àwọn.

Lórí bẹ́ńṣì ní ìta ni Lọ́yà ti jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó sọ ti irun, ó sọ ti kọ́kọ́rọ́, ó sọ ti ọkùnrin tó rìn lórí ẹ̀gún. Bó ti ń sọ ọ́ ni omi ń dà lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò lù ú. Ó tiẹ̀ bá a nu imú pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀, bí ìgbà tó wà ní kékeré.

"Ìwọ lo bí ọkùnrin yẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

"Kò ní bàbá mìíràn?"

"Kò ní, Mà."

"Ó dáa. Ìwọ lo bí i, ìwọ ni wàá sin ín."

Lọ́yà dìde, ó wọlé lọ bá àbúrò rẹ̀ lórí ibùsùn. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ náà ràbàtà. Ó mú un lọ́wọ́, ó ní, "Tíńtín mi, fetí sílẹ̀. Kò sí Sítóíkọ́sì kankan. Irọ́ ni mo pa."

Tíńtín wò ó bí àgbàlagbà ṣe ń wo oníbàárà tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. "O kàn fẹ́ kí n máa sunkún nítorí abẹ́rẹ́ wọn ni. Mi ò gbà. Ìwọ náà lo délé wí pé o sọ fún tíṣà yín pé inú ìwé ló wà. Gbogbo ilé-ìwé yín ló mọ̀ ọ́n."

Ẹ wò ó! Lọ́yà tó máa ń borí gbogbo ayé lẹ́jọ́, ọmọ kékeré ti dá a lẹ́bi lórí ẹ̀rí ẹnu ara rẹ̀. Irọ́ tó pa, ọmọ náà gbà á gbọ́. Òótọ́ tó sọ, kò gbà á.

Ọjọ́ Ajé, kò yà síbì kankan, ilé-ìkàwé ló gbà lọ tààrà. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé bá a gbé ìwé ńlá méjì sọ̀kalẹ̀, ó fi aṣọ nu eruku wọn. Lọ́yà kà, ó tún un kà. Ó ti rò pé òun máa rí jagunjagun tàbí ọba níbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló rí.

Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin oníṣòwò kan wà, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ dànù, ẹrù rẹ̀ ṣègbé, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ó sì bá ara rẹ̀ ní ìlú Gíríìkì kan tí kì í ṣe ìlú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, ó ń ronú, nígbà tó yá òun náà di olùkọ́. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ló ti ń kọ́ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó tí wọ́n ya àwòrán sí lára ògiri. "Sítóà" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá ń pe àwọn tó ń wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ará ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n sì ń kọ́ ara wọn ni pé kí èèyàn mọ ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀, kó má ba ọkàn ara rẹ̀ jẹ́ nítorí èyí kejì. Lọ́yà wá gbogbo ojú ìwé náà tinú-tẹ̀yìn, kò rí ibi tí wọ́n ti ní kí ọmọ tí ìṣó gún dákẹ́.

Ṣingọ́ọ̀mù ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. "Ó ti bọ́ sí i! Lọ́la nínú gbọ̀ngàn, kó o kàn sọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Má dárúkọ ẹlẹ́gùn-ún yẹn mọ́. Àwọn òbí ò gbọ́ èyí àkọ́kọ́. Tíṣà á rò pé o tún un ṣe ni. Wàá yege, wàá lọ sórí rédíò, kò sì ní í ṣe irọ́ mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn wọ Lọ́yà létí. Ó dùn ún gbọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n rìn títí dé ìkóríta. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tí mi ò bá dárúkọ ẹ̀, àwọn ọmọ á ṣì máa já ara wọn ní èékánná. Àbúrò mi á ṣì máa dákẹ́."

"Wọ́n á pè ẹ́ ní òpùrọ́ o."

"Orúkọ wo ni wọ́n fẹ́ pè mí tẹ́lẹ̀, Ṣingọ́ọ̀mù?"

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ kejì. Bàbá Onítìmùtìmù wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ, kò sí ìṣó lẹ́nu rẹ̀. Tíńtín jókòó lé e lẹ́sẹ̀, torí ilé ìwòsàn ti jẹ́ kó máa lọ sílé, báńdéèjì funfun yọ sí gbangba. Nígbà tí wọ́n pe Lọ́yà, ó gòkè lọ, ó kọjú sí gbogbo wọn.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin tíṣà wa. Kí n tó sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ mi, ọkùnrin kan wà tí mo gbọ́dọ̀ mú kúrò nílẹ̀. Mo sọ ní kíláàsì pé ẹnìkan tó ń jẹ́ Sítóíkọ́sì rìn lórí ẹ̀gún láìpariwo. Mo ní inú ìwé ni mo ti kà á. Mi ò kà á níbì kankan. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, torí mo dé ilé-ìkàwé lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í, mi ò sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀. Àbúrò mi gbà mí gbọ́. Ìṣó gún un, kò sọ fún wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn."

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Tíńtín. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ní ẹ̀yìn, ẹnìkan ní, "Òpùrọ́!" òmíràn ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀." Nínú gbogbo ìrọ́kẹ̀kẹ̀ náà, ohùn tíńrín kan dìde láti orí ẹsẹ̀ bàbá:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí lóòótọ́?"

"Kò sí, Tíńtín."

"Kódà díẹ̀?"

"Kódà díẹ̀."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. Lọ́yà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wá sọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún wọn, láìṣe àṣejù, bó ṣe kà á gan-an. Nígbà tó parí, pàtẹ́wọ́ tí wọ́n pa kò pọ̀, kò sì kéré. Bàbá rẹ̀ ló pa á pẹ́ jù.

Tíṣà pè é sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ojú rẹ̀ pọ́n. "O purọ́ fún mi lójú kòrókòró. Mi ò lè fi ẹ́ ránṣẹ́ sí ìlú ńlá."

"Mo mọ̀, Mà. Ẹ má bínú."

"Màá bínú o," ni tíṣà wí. "Màá bínú títí di ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn náà màá wò ó." Ó wá fà á mọ́ra lẹ́ẹ̀kan, kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn.

Ọmọkùnrin akólòlò tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín nìjọ́sí ni wọ́n rán lọ dípò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, Lọ́yà jókòó ti rédíò, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dùn ún. N kò ní parọ́ fún yín pé kò dùn ún. Orúkọ tuntun sì lẹ̀ mọ́ ọn ní ilé-ìwé fún ìgbà díẹ̀, Ìyá Sítóíkọ́sì ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kékeré ti dáwọ́ èékánná dúró, torí kò sí ẹni tó fẹ́ jọ ọkùnrin tí kò sí.

Tíńtín nìkan ni kò tíì fọwọ́ sí i. Ó ní ẹni tó purọ́ lẹ́ẹ̀kan lè purọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Lọ́yà pọ̀n ọ́n lọ sí ilé-ìkàwé. Wọ́n ṣí ìwé sílẹ̀ fún un lórí tábìlì, àwòrán ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó kan wà níbẹ̀. Tíńtín wò ó pẹ́. Ó fi ìka ka òpó.

"Ta ló ń gbá ibẹ̀?"

Lọ́yà la ẹnu. Mo mọ̀ pé ìdáhùn dáadáa kan ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ìdáhùn tó máa dùn bí oyin. Ó gbé e mì.

"Mi ò mọ̀, Tíńtín."

"O ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ìwé yìí ò sọ ọ́. Jẹ́ ká bi àwọn tó ń tọ́jú ibí bóyá ìwé mìíràn wà."

Tíńtín mi orí, ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ṣí ojú ìwé kejì.

Ẹ̀yin ọmọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ẹ má tìjú láti sọ pé ẹ ò mọ̀. Ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́. Irọ́ tó dùn ni kí ẹ bẹ̀rù, torí ẹ kò mọ ẹni tó máa gbà á gbọ́, ẹni kékeré tó fẹ́ràn yín ló sì máa ń kọ́kọ́ gbà á. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tú u níwájú àwọn tí ẹ pa á fún, ẹ má fi òótọ́ bò ó mọ́lẹ̀ bí aṣọ tuntun lórí fóòmù jíjẹrà.

Ẹnu ìyá wọn gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, aránṣọ yẹn, nígbà tó ń bá mi rán aṣọ ìrọ̀rí. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Ibi tí mo bá ti ṣì í sọ, ẹ lọ bi í, kò jìnnà.